Ojú Nìkan Kọ́ Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Bí A Ṣe Ń Dá Ìhàlẹ̀ Alátakò Mọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbára lé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹnì kan ń sọ tàbí ó kàn ń hàlẹ̀. Wọ́n á tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n á máa wá ẹyinjú tí kò dúró sójú kan, ètè tí ń gbọ̀n, àti òógùn tí ń bọ́ níwájú orí. Bí ojú ọ̀hún bá le, wọ́n á sá. Bí ó bá rọ̀, wọ́n á kì í mọ́lẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Kì í ṣe pé òwe náà kò tọ̀nà, nítorí àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojúkorojú sàn ju ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ohun tí yóò jẹ ni ó ń wá. Bí ẹkùn bá lè fi ìrìn jẹ́jẹ́ bo agbára rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojo náà lè fi ariwo bo àìlágbára tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wo ibi tí ó jìn ju ojú lọ.

Kí ni ìhàlẹ̀ gan-an? Ìhàlẹ̀ ni kí aláìní ṣe bí ẹni tí ó ní, kí aláìlágbára ṣe bí alágbára, kí ẹni tí ó dojú kọ ọ́ lè sá kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ju irọ́ pípa lásán lọ. Òpùrọ́ lè pa irọ́ tirẹ̀ tán kí ó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ń hàlẹ̀ ti fi nǹkan lélẹ̀: ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe orúkọ, ìbáà ṣe ipò. Bí wọ́n bá pè é wò, àdánù tàbí ìtìjú di tirẹ̀. Nítorí náà, ibikíbi tí ènìyàn méjì bá ti ń du ohun kan náà, tí ọ̀kan kò sì rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ èkejì, ìhàlẹ̀ kò ní ṣàì yọjú.

Kò sí eré tí ó fi èyí hàn tó eré káàdì tí wọ́n ń pè ní póókà. Ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta á jù lọ láyé òde òní, káàdì méjì péré ni wọ́n ń fún òṣèré kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ni ó sì ń rí i. Wọn yóò wá ṣí káàdì márùn-ún mìíràn sí àárín tábìlì fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan tẹ̀ lé e, ọ̀kan sì kẹ́yìn. Ìgbà mẹ́rin ni àyè ń wà láti fi owó lélẹ̀. Bí alátakò bá fi owó lélẹ̀, òṣèré lè sọ káàdì rẹ̀ nù kí ó sì pàdánù ohun tí ó ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè fi iye kan náà pè é wò. Ó sì lè fi kún un. Bí gbogbo àwọn yòókù bá sá, ẹnì kan tí ó kù ni ó kó owó àárín, kò sì ní fi káàdì rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ibi tí ìhàlẹ̀ ń gbé nìyẹn. Ẹni tí kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ lè borí ẹni tí ó ní, bí ó bá ti lè mú un sá.

Àwọn tí ń ta ayò lábẹ́ igi ní Agodi tàbí ní Bẹyẹrunká lè sọ pé eré tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48, gbogbo rẹ̀ ni ó wà ní gbangba. Síbẹ̀, ta ni ó jókòó ti ọpọ́n ayò rí tí kò gbọ́ ìhàlẹ̀? Ọ̀ta yóò máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pẹ náà yóò sì máa lérí pé àwọn ọmọ tí òun ń kó jọ sójú ihò kan yóò gbé ọ̀ta lọ láìpẹ́. Ẹni tí ó bá ń fetí sí ẹnu alátakò rẹ̀ yóò gbàgbé láti ka iye ọmọ tí ó wà nínú odù náà. Ẹni tí ó mọ ayò ta lè fi ẹnu dá ẹnu lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò nínú ọpọ́n. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ohun tí alátakò ṣe ni kí a kà, kì í ṣe ohun tí ó ń sọ.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. John von Neumann, tí wọ́n bí ní ìlú Budapest ní ọdún 1903, kọ ìwé kan lórí ìmọ̀ eré ní ọdún 1928. Ní ọdún 1944, òun àti Oskar Morgenstern gbé ìwé ńlá kan jáde lórí eré àti ètò ọrọ̀ ajé, wọ́n sì fi apá kan nínú rẹ̀ ṣe àlàyé póókà. Wọ́n fi ìṣirò hàn pé ìhàlẹ̀ kì í ṣe àbùkù eré náà. Ara eré dáadáa ni. Ìdí méjì ni òṣèré fi ń hàlẹ̀. Èkíní ni kí ó lè dà bí alágbára nígbà tí kò lágbára. Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn: kí alátakò má lè mọ̀ dájú nígbà tí ó bá lágbára ní tòótọ́, kí ó lè máa fi owó pè é wò. Ẹni tí kì í hàlẹ̀ rárá, gbogbo ènìyàn ni yóò máa sá fún un ní ọjọ́ tí káàdì rẹ̀ bá dára, kò sì ní jèrè púpọ̀. Ẹni tí ó ń hàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, gbogbo ènìyàn ni yóò máa pè é wò. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa kì í ṣe pé ṣé òpùrọ́ ni ọkùnrin yìí. Ìbéèrè náà ni pé: èyí tí ó ṣe lónìí yìí ńkọ́, ìhàlẹ̀ ni tàbí òótọ́?

Ṣé ojú lè dáhùn ìbéèrè yẹn? Mike Caro, ẹni tí ó kọ ìwé lórí àmì ara àwọn òṣèré póókà ní ọdún 1984, kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹni tí ó bá ń ṣe bí alágbára sábà máa ń jẹ́ aláìlágbára, ẹni tí ó bá sì ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú, ó ṣeé ṣe kí káàdì ọwọ́ rẹ̀ dára. Ìmọ̀ yẹn wúlò, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ òṣèré tí kò tíì gbọ́n ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ní ọdún 2013, Michael Slepian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi fídíò àwọn òṣèré póókà tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dunjú han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ẹni tí káàdì rẹ̀ dára àti ẹni tí tirẹ̀ kò dára. Àwọn tí wọ́n rí ojú òṣèré nìkan ṣì í ju ẹni tí ó kàn ń dá owó ẹyọ sókè láti fi mú ọ̀kan lọ. Àwọn tí wọ́n rí apá àti ọwọ́ nìkan, bí òṣèré ṣe ń ti owó síwájú, ni wọ́n gbà á ju bí orí-ire lásán ṣe lè gbà á lọ. Ojú ti kọ́ bí a ti ń purọ́. Ọwọ́ kò tíì kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Yorùbá kò sì ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ ṣe é bẹ́ gẹdú.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára ju ìyẹn lọ wà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ní ìlú Pittsburgh, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Libratus, tí Tuomas Sandholm àti Noam Brown ṣe, ta póókà pẹ̀lú àwọn ọ̀gá mẹ́rin nínú eré náà. Ìgbà 120,000 ni wọ́n pín káàdì láàárín ogúnjọ́, kọ̀ǹpútà náà ni ó sì borí. Ó hàlẹ̀ mọ́ wọn, ó sì pe ìhàlẹ̀ tiwọn wò. Kò ní ojú tí ó fi ń wo òógùn, kò sì ní etí tí ó fi ń gbọ́ ohùn tí ń gbọ̀n. Iye owó tí wọ́n fi lélẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi í lélẹ̀, àti káàdì tí ó wà ní gbangba nìkan ni ó ń kà. Bí aláìlójú bá lè mọ ohun tí yóò fi ìhàlẹ̀ ṣe, a jẹ́ pé inú ìtàn tí alátakò ń sọ ni a ti ń dá a mọ̀.

Okùn Ìjàpá

Ìtàn ni iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì dára kí a fi ìtàn tí gbogbo ọmọdé mọ̀ ṣàlàyé. Ìjàpá lọ bá Erin nínú igbó, ó ní òun lágbára jù ú lọ, àti pé bí àwọn bá jọ fa okùn, òun yóò wọ́ ọ wọ odò. Erin rẹ́rìn-ín. Ìjàpá fi okùn lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó dúró títí òun yóò fi pariwo láti ìsàlẹ̀ odò. Ó mú ojú okùn kejì lọ bá Erinmi nínú omi, ó sì bá a sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, pé òun yóò wọ́ ọ gun òkè. Nígbà tí ó pariwo, àwọn ẹranko ńlá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn. Wọ́n fà á títí agbára fi tán nínú wọn, Ìjàpá sì jókòó sínú ewéko ní àárín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé pé ta ni ó gbọ́n nínú ìtàn yìí, yóò dáhùn pé Ìjàpá ni. Ìdáhùn tí ó rọrùn nìyẹn. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni pé: níbo ni Erin ti ṣì í? Kò ṣì í nígbà tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí ohun ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Ó ṣì í nígbà tí okùn le, tí agbára tí ó wà ní òdìkejì kò bá ara Ìjàpá mu, tí kò sì tọ okùn náà lọ wo ìdí rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún un kò bá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́ mu, ṣùgbọ́n ó gba ìtàn náà gbọ́. Bí ó bá ti rìn díẹ̀ lọ sí etí odò, ọ̀rọ̀ ìbá ti yanjú.

Ìbéèrè mẹ́ta

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń hàlẹ̀ mọ́ béèrè, lórí tábìlì póókà àti níbikíbi.

Èkíní: ṣé ìtàn alátakò dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Òṣèré kan dákẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó tún dákẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí ìkẹrin. Ìkarùn-ún jáde, kò sì fi ohun kan kún tẹ́lẹ̀. Lójijì, ó da òkìtì owó sílẹ̀. Ó yẹ kí a bi ara wa pé, káàdì wo ni ó lè wà lọ́wọ́ ènìyàn tí yóò mú un ṣe báyìí? Bí a bá wá irú káàdì bẹ́ẹ̀ tì, ó ṣeé ṣe kí ó máa hàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi owó lélẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ń pọ̀ sí i, tí káàdì tí ó wà ní gbangba sì ń gbè é lẹ́yìn, ó sàn kí a gbà á gbọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ti ọmọdé.

Èkejì: kí ni alátakò ti fi lélẹ̀, kí sì ni yóò pàdánù bí a bá pè é wò? Ìhàlẹ̀ tí kò ná olúwarẹ̀ ní nǹkan kan rọrùn láti ṣe, ojoojúmọ́ ni a sì ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ti fi ohun tí kò ṣeé gbà padà lélẹ̀ yàtọ̀. Ó sì yẹ kí a rántí ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá: ìgbà mélòó ni wọ́n ti pè é wò rí, kí ni wọ́n sì bá lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ̀kẹta: èló ni yóò ná àwa fúnra wa láti mọ òótọ́, èló sì ni yóò ná wa bí a bá ṣì í? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ẹgbẹ̀rún náírà kan wà ní àárín, alátakò sì fi 500 náírà lélẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é wò yóò fi 500 wá 1,500. Bí ó bá pè é wò ní ìgbà mẹ́rin, tí ó ṣì í ní mẹ́ta tí ó sì gbà á ní ẹyọ kan, ó pàdánù 1,500, ó sì jèrè 1,500. Nítorí náà, bí irú ìṣe alátakò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ìhàlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mẹ́rin, ó yẹ kí a pè é wò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan ni ó fi lélẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Kò pọn dandan kí ènìyàn mọ òótọ́ dájú kí ó tó ṣe ìpinnu. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí ó mọ iye tí àṣìṣe rẹ̀ yóò ná an.

Ọjà'ba, tí wọ́n fi oyè Ìba Olúyọ̀lé pè, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníbàárà dúró níwájú aláṣọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta." Ìyá aláṣọ ní, "Háà, ọmọ mi, kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó tí mo fi rà á gan-an kò tó bẹ́ẹ̀." Oníbàárà kẹ́yìn sí i, ó ń lọ. Ṣé ó ń hàlẹ̀ ni? Ìyá aláṣọ kì í wo ojú rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni ó kọ sí i. Ó rántí pé oníbàárà yìí ti fọwọ́ kan aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pé ó ti béèrè iye ọ̀pá tí yóò tó fún bùbá àti ìró, pé ó ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù méjì kí ó tó yà sí tòun. Ó tún ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń falẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá pe oníbàárà padà kíákíá, òun ti ta ìhàlẹ̀ tirẹ̀ fún un. Bí òun kò bá sì pè é, òun lè pàdánù títà kan. Nígbà tí ó bá wá kígbe pé, "Ọmọ mi, padà wá, mú nǹkan kún un," ìṣirò ni ó ti ṣe. Ìyá náà lè má gbọ́ orúkọ von Neumann rí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Agodi, ọdún 1969

Lórí àtẹ aláṣọ, owó díẹ̀ ni àṣìṣe ń ná ni. Ní Agodi, ó ti ná ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Sẹkitéríàtì ìjọba wà, ibẹ̀ náà sì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà. Ìtàn àwọn Àgbẹ́kọ̀yà kan méjèèjì.

Ní ọdún 1968, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Adéyínká Adébáyọ̀ ti jẹ́ gómìnà ológun, àwọn àgbẹ̀ kòkó ń ráhùn. Iye tí wọ́n ń san fún wọn lórí kòkó kò tẹ́ wọn lọ́rùn, owó orí wúwo, àwọn agbowó-orí ń fi ipá gbà á, ọ̀nà oko kò sì dára. Wọ́n kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ kọ ìyà. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san, àwọn kò sì ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n rọ́ wọ Ìbàdàn, wọ́n gun òkè Mápó lọ sọ tẹnu wọn. Rògbòdìyàn bẹ́, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1969, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lépa àwọn tí kò san owó orí, rògbòdìyàn sì tún bẹ́. Ọdún náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún ìlú Ogbómọ̀ṣọ́ nínú rògbòdìyàn owó orí. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ ya bo ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, bá Tàfá Adéọyè àti àwọn olórí àgbẹ̀ yòókù jókòó sọ̀rọ̀. Owó orí náà wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ẹni tí ó jókòó sínú ọ́fíìsì ní ọdún 1968, tí ó ń gbọ́ orin àti ìlérí àwọn àgbẹ̀, tí ó ń gbọ́ pé wọ́n ní oògùn tí ìbọn kò lè ràn, lè rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni. Ojú àti ẹnu ni yóò ti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi ìbéèrè mẹ́ta náà wò ó. Ṣé ìtàn wọn dúró? Ó dúró: ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò tó, tí èyí tí ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìbínú. Kí ni wọ́n ti fi lélẹ̀? Wọ́n ti fi oko wọn sílẹ̀ wá sí Mápó, wọ́n sì ti sin òkú. Ẹni tí ó ti sin òkú nítorí ọ̀rọ̀ kan ti fi ohun tí kò ṣeé gbà padà lélẹ̀. Èló sì ni àṣìṣe yóò ná? Bí ìjọba bá gbà wọ́n gbọ́, tí ó sì jẹ́ ìhàlẹ̀, ṣílè mélòó kan lórí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò lọ. Bí ó bá kà á sí ìhàlẹ̀, tí ó sì jẹ́ òótọ́, ẹ̀mí ni yóò lọ.

Òótọ́ ni pé ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ogun ń jẹ owó, bí a bá sì ń gbà fún gbogbo ẹni tí ó bá pariwo, kò sí ìjọba tí yóò dúró. Ẹni tí ń sá fún gbogbo ìlérí, gbogbo ayé ni yóò máa hàlẹ̀ mọ́ ọn. Tábìlì póókà náà fi èyí kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a wo iye tí wọ́n parí rẹ̀ sí. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn yóò san. Pọ́n-ùn méjì, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, ni wọ́n gbà níkẹyìn. Èyí fi hàn pé nǹkan méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Iye tí wọ́n dá jẹ́ iye ọjà, ó sì ṣeé nájà. Ìyà tí wọ́n kọ̀ kò ṣeé nájà. Olóye òǹkàwé kì í kàn béèrè pé ìhàlẹ̀ ni tàbí òótọ́, bí ẹni pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò jẹ́. Ó ń ya apá tí ó jẹ́ ìhàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára apá tí ó jẹ́ òótọ́. Bí wọ́n bá ti ya wọ́n sọ́tọ̀ ní ọdún 1968, wọ́n ìbá ti jókòó nájà kí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n Agodi tó já.

Ohun tí ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Kì í ṣe pé kí ọmọ ilé-ìwé lọ kọ́ tẹ́tẹ́ ni a ṣe ń sọ gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni tẹ́tẹ́ ti jẹ owó ilé-ìwé wọn, olóye kan kò sì ní fi iná ṣeré nítorí pé ó mọ bí iná ṣe ń jó. Ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ kò dúró sórí tábìlì káàdì. Ó wà lórí fóònù ọmọ náà. Ẹnì kan pè é, ó ní báńkì ni òun ti ń pè, ó ní wọn yóò ti àkáǹtì rẹ̀ pa lónìí bí kò bá sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ohùn ẹni náà tutù, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Bí ọmọ náà bá gbára lé ohùn, ó ti kó sínú okùn. Bí ó bá béèrè pé èé ṣe tí báńkì tí ó ní gbogbo àkọsílẹ̀ òun fi ń bi òun ní ohun tí kò gbọdọ̀ béèrè, ìtàn náà kò dúró mọ́. Kí ó wá pa fóònù náà, kí ó lọ sí báńkì fúnra rẹ̀. Ohun tí Erin kò ṣe nìyẹn.

Ó wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ọmọ kan ń lérí pé òun yóò lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ilé-ìwé bá jáde. Olùkọ́ tí ó bá ka gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ariwo ọmọdé lè kábàámọ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń sá sókè sódò nítorí gbogbo rẹ̀ kò ní ráyè kọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó yẹ kí ó béèrè ni ohun tí ọmọ náà ti ṣe rí, àti ohun tí ó ti fa ìbínú rẹ̀.

Níbi yìí ni ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ti wúlò jù. Nígbà púpọ̀, ìbéèrè tí wọ́n ń bi akẹ́kọ̀ọ́ lórí eré-onítàn tàbí ìtàn àròsọ kò ju pé ta ni ó sọ èyí, níbo ni ó ti sọ ọ́, kí ni òwe tí ó pa. Ó yẹ kí a fi mìíràn kún un: ṣé ohun tí ẹ̀dá-ìtàn yìí ṣe ní ojú ìwé kejì bá ohun tí ó ń lérí ní ojú ìwé ogójì mu? Kí ni yóò pàdánù bí wọ́n bá pè é wò? Ibo ni ó yẹ kí ẹni tí ó gbà á gbọ́ ti tọ okùn lọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọdún mẹ́fà dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí ìwé yóò mọ bí a ti ń bi ènìyàn léèrè nígbà tí ó bá jáde.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán lójú. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá tún ń sọ ìtàn Ìjàpá, Erin àti Erinmi fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí ó dúró díẹ̀ níbi tí okùn ti le. Kí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ìbá ṣe bí ó bá jẹ́ àwọn ni Erin, kí ó sì má ṣe máa bá ìtàn lọ títí ọmọ kan yóò fi dáhùn pé òun yóò lọ wo ìdí okùn náà.